Bátìrì Inú Yàrá Tíṣà

Mobọ́lá ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dáyé. Kì í ṣe ìró ìbọn, ó mọ ti ìbọn. Kì í ṣe ti táyà tó bẹ́. Ìró kúkúrú kan ni, gbàù, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọmọ odó lu ilẹ̀kùn onípákó, lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣọ́bìrì tó fi ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti ń sáré. Inú yàrá wọn ni ìró náà ti wá.

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 1993. Nígbà náà, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ máa rìn kiri. Gbogbo ayálégbé ní Múṣin a jáde síwájú ilé, wọn a máa kó gọ́tà, wọn a máa gbá pàǹtí jọ. Ọpẹ́lọpẹ́ èyí, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá Bàbá Ọládèjì lẹ́yìn Ìdí-Òrò, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo. Christopher, ọkọ Mobọ́lá, lẹni náà.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe Christopher. Kẹ́mísìrì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Sùúrùlérè, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ní ọkọ̀ ìjàpá kan tó ti dàgbà, bátìrì ọkọ̀ náà sì máa ń kú bí ẹni pé oorun ló ń kùn ún. Ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì ló máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ Ọ̀yọ́, ti tó ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ bátìrì ṣíṣáájì lábẹ́ àtíbàbà páànù kan nítòsí Ọjúwòyè. Ojú kan ló ní. Ìkejì funfun bí ẹfun. Ásíìdì ló bà á jẹ́ nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Nínú oṣù kejìlá, olè tú bátìrì ọkọ̀ mẹ́ta ní òpópó wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni Mobọ́lá ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa gbé bátìrì wọlé. Òun ló sọ ọ́, kò sì lè gbàgbé pé òun ló sọ ọ́. Christopher gbé e wọlé. Nígbà tó wọlé tán, ó di ohun èlò: bí wọ́n bá mú iná lọ, Christopher a so tẹlifíṣọ̀n kékeré wọn mọ́ ọn, àwọn ará ilé a rọ́ wá wòran, wọn a sì máa yin Tíṣà pé orí rẹ̀ pé. Nígbà tó yá, ó ra ṣájà àlòkù kan ní Ládípọ̀ tí yóò fi máa fún un níná. Ó ní òun ò tún ní tò sẹ́yìn bátìrì ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì mọ́.

Ọ̀ṣẹ́nì gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìmọ́tótó, ó yà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Tíṣà, wọ́n ní ẹ ti ń fún bátìrì níná fúnra yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibo lẹ ń gbé e sí?"

"Inú yàrá."

"Yàrá tí ẹ ń sùn? Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má ṣe é mọ́. Bátìrì tó bá ń gba iná, ó ń mí ni. Ojú ò rí èémí yẹn, ṣùgbọ́n ó burú ju bẹntiróòlù lọ bó bá pàdé iná. Ìta ló yẹ kó wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Bó bá sì kún, súìṣì ara ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà tó wà lórí rẹ̀. Iná ò gbọdọ̀ ta pàrà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ."

Christopher rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, haidirójìn lẹ ń sọ yẹn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù."

"Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ rẹ̀," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Èmi, ìwà rẹ̀ ni mo mọ̀."

Nígbà tó lọ tán, Christopher yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò rí nǹkan? Ẹni tí bátìrì gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ kọ́ mi ní ìtọ́jú bátìrì."

Mobọ́lá náà rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, iná dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò ti rí i. Christopher so bátìrì mọ́ ṣájà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ó sì fẹ́ kó kún dáadáa. Eruku ọyẹ́ pọ̀ níta, wọ́n ti fèrèsé pa. Ọmọ wọn, Àánúolúwapọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, sùn lórí ẹní rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sí bátìrì tó ìgbésẹ̀ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mobọ́lá gbóòórùn nǹkan.

"Bàbá Àánú, bí ẹyin tó bàjẹ́ ni nǹkan kan ń rùn."

"Gọ́tà ni. Òní náà la ó kó o."

Bátìrì ń hó nínú lọ́hùn-ún bí ìkòkò ògì. Mobọ́lá mú ọmọ rẹ̀ dání, ó fà á lé Sàúdátù lọ́wọ́, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn, òun fúnra rẹ̀ sì mú ṣọ́bìrì. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí Christopher ní òun fẹ́ lọ tú bátìrì kúrò lẹ́nu iná. Ó fọwọ́ nu eruku kúrò lára awò ojú rẹ̀, ó bọ́ awò náà sórí fèrèsé níta, ó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ìró yẹn.

Nígbà tí Mobọ́lá ṣí ilẹ̀kùn, èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ lù ú lójú. Kò jọ èéfín igi. Ó kan lọ́fun, ó sì ń ta ènìyàn nímú bí ẹni tó fín ata. Bátìrì ò ní ìbòrí mọ́, inú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu. Àfọ́kù dúdú kan ti gún àjà, ó dúró síbẹ̀. Christopher wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín yàrá, wáyà pupa ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi apá kejì bo ojú. Kò tíì pa súìṣì ara ògiri. Ó ti já wáyà náà pẹ̀lú iná nínú rẹ̀.

"Mobọ́lá! Mobọ́lá, mi ò ríran!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Àánú, ọkọ rẹ̀ ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Àánú ló ń pè é. Ó wá ń pe orúkọ yẹn báyìí bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mobọ́lá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó tún mọ̀ ni pé òun ti gbá ọkọ òun mú lábíyá, òun ń wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ohun tó tutù kan sì ń ṣàn láti ara ẹ̀wù rẹ̀ sára ìró tí òun ró mọ́dìí.

Lẹ́yìnkùlé, gbogbo ayálégbé ti pé lé wọn lórí.

"Epo pupa! Ẹ bu epo pupa sí i lójú!"

"Wàrà ọmú ni! Sàúdátù ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kó fún un sí i!"

"Káún ńkọ́? Ṣebí káún a máa pa ásíìdì?"

Ẹnì kan ti ki ìgò epo bọ Mobọ́lá lọ́wọ́. Ó ti ṣí i. Ó ti ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan gbá ìgò náà dànù, ó fọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ọ̀ṣẹ́nì ni. Ẹrẹ̀ gọ́tà kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ilé kẹta ló wà nígbà tó gbọ́ ìró náà, kò sì bi ẹnikẹ́ni ohun tó jẹ́.

"Omi!" Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè ló ń ké bẹ́ẹ̀. "Omi lásán, omi tó mọ́, kò sí nǹkan míì! Ìyá Àánú, omi dà?"

Dírọ́ọ̀mù méjì wà lẹ́bàá ògiri. Mobọ́lá a máa pa aṣọ láró, aṣọ kámpálà ló ń ṣe tà ní Tejúoṣó, àná ló sì pọn omi náà kún. Ó nawọ́ sí i. Ọ̀ṣẹ́nì ti dá Christopher dùbúlẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀ kó má baà dìde.

"Bàbá Ọládèjì, ẹ bá wa pa iná ilé látibi mítà. Kẹ́nikẹ́ni má wọ yàrá yẹn o. Sísọ́ọ̀sì! Ẹ gé ẹ̀wù yẹn kúrò lára ẹ̀, ẹ má fà á gba orí. Tíṣà, ẹ lajú."

"Ó ń jó mi! Ẹ̀gbọ́n, ó ń jó mi!"

"Mo mọ̀. Ẹ lajú náà ni. Ìyá Àánú, ẹ fìka ya ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ máa da omi sí i láti ẹ̀gbẹ́ imú kó máa ṣàn lọ sẹ́bàá etí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró, ẹ máa pọn ọ́n fún un, kó má dá."

Mobọ́lá ń dà á. Ìdajì kọ́ọ̀pù ń dà sílẹ̀, ó tún ń bu òmíràn. Ojú ọkọ rẹ̀ tó fi ìka ara rẹ̀ là ti pọ́n bí ẹran tútù, ẹyinjú ọ̀hún ń yí kiri, kò wo ibì kan. Ó ti wo ojú yẹn fún ọdún mẹ́fà, ó wá dà bí ojú ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì. Nígbà tí dírọ́ọ̀mù kìíní lọ sí ìdajì, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì tó?"

"Kò tó."

"Ṣé ká máa gbé e lọ sọ́sípítù báyìí?"

"Aago mẹ́wàá ò tíì lù, ọkọ̀ wo ló máa gbé e? Àti pé bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ wà, èyí la ó kọ́kọ́ ṣe ná. Ẹ máa dà á."

Bàbá Ọládèjì, onílé, dúró tì wọ́n pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ka ogún. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dírọ́ọ̀mù kejì nígbà tí wolé-wolé kan pẹ̀lú ṣọ́jà kan yọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lẹ kó jọ ṣe síbí? Ta ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ ìmọ́tótó sílẹ̀?" ni wolé-wolé ń pariwo. Ṣọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. Ó rí ojú Christopher. Ó dúró. Ó rọra di bẹ́líìtì rẹ̀ padà.

"Jésù," ló wí. "Ta ló ní ọkọ̀ nínú ilé yìí?"

Ọkọ̀ Pijó onílé ni wọ́n gbé. Ṣọ́jà náà jókòó síwájú kí wọ́n má baà dá wọn dúró lọ́nà. Mobọ́lá wà lẹ́yìn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan láàárín ẹsẹ̀, ó ṣì ń da omi sójú ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣẹ́nì ṣe pàṣẹ fún un. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ojú títì Ìkòròdú ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹsẹ̀, eruku ọyẹ́ nìkan ló ń yí lórí rẹ̀. Kò rí Èkó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé bóyá òun náà wà nínú yàrá yẹn nígbà tó bú, bóyá àwọn ti kú, bóyá ọ̀nà ọ̀run nìyí.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wọ́n nílé ìwòsàn, Dókítà Lydia ni wọ́n ń pè é. Ó fi iná wo ojú Christopher, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Mobọ́lá léèrè:

"Kí lẹ dà sí i lójú?"

"Omi, mà. Omi nìkan."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. A sì tún ń dà á bọ̀ nínú ọkọ̀."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹni tó sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ló gba ojú rẹ̀ là. Ká ní epo tàbí nǹkan míì ni, ásíìdì ì bá jókòó síbẹ̀ máa jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀tún máa ríran. Òsì, mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò mọ̀."

Mobọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀. Òórùn epo pupa ṣì wà níbẹ̀.

Ó padà sílé lọ́sàn-án láti wá mú aṣọ. Bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìdí-Òrò, ó gbọ́ tí ìró tó ró ń ya, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò fà á. Ó wolẹ̀. Ibi tí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ti kàn án láàárọ̀ ti ń já bọ́ bí bébà tó wọ omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú títí dé ilé, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láàárín ìgboro.

Kò rántí ìkìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Ó ṣí fèrèsé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá rí i pé òun ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà tí Àánú fi ń gbé omi lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ìgò omi ọsàn kan dúró, àwòrán ọsàn ṣì wà lára rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e. Ó ṣí ìdérí. Ó wúwo ju bí ìgò omi ṣe ń wúwo lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó ronú sí i. Ó ti gbé e dé àgbọ̀n nígbà tí ẹ̀kán kan ṣàn wálẹ̀ láti ọrùn ìgò sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ta á bí ìgbà tí agbọ́n bá ta ènìyàn. Ìgò náà tẹ̀. Díẹ̀ kán sílẹ̀, sórí sìmẹ́ǹtì.

Sìmẹ́ǹtì hó. Ìfóòfó funfun rú sókè níbẹ̀, ó ń pariwo ṣìì, ó ń jẹ ilẹ̀.

Mobọ́lá ò pariwo. Ó rọra gbé ìgò náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó dé e. Ó ki ọwọ́ bọ inú bákẹ́ẹ̀tì omi, kò yọ ọ́. Ohun tó ń wò ni kúlà ọmọ rẹ̀, àti ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bí àwọn méjèèjì ṣe ga dọ́gba. Èyí tó bú láàárọ̀ pariwo kó tó ṣe wọ́n léṣe. Èyí kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró sí ibi tí ọwọ́ Àánú tó, ó sì jọ ohun dídùn.

Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì dé, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn àti bàtà òjò. Ó po káún mọ́ omi nínú garawa, ó dà á sílẹ̀ yàrá, ó dà á sára ògiri àti sórí òkú bátìrì. Ó hó, ó tún hó. Ó ń dà á títí tí kò fi hó mọ́.

"Káún tí wọ́n fẹ́ kó sí Tíṣà lójú," ló wí, "ilẹ̀ ló wà fún." Ó gbé ìgò ọsàn náà, ó wò ó, ó mi orí. Inú kẹ́ẹ̀gì nínípọn tí ó ti fi ọ̀dà pupa kun ló rọ ásíìdì náà sí, ó sì fọ́ ìgò náà kí ẹnikẹ́ni má tún lò ó. Lẹ́yìn náà ló jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ará ilé dúró sí.

"Ṣé Tíṣà nìkan ló ní bátìrì nínú ilé yìí?"

Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá Ọládèjì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ dá a lóhùn."

Rótìmí, ayálégbé yàrá keje, ló kọ́kọ́ yí padà wọlé. Ó gbé ọ̀kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tún gbé òmíràn jáde láti yàrá kẹta, tòun ti ṣájà rẹ̀. Ìkẹta wá láti yàrá kẹsàn-án. Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Wáyà ṣájà ṣì wà lórí ọ̀kan, torí ó ń gba iná lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pa mítà láàárọ̀. Sàúdátù ló ṣe ìkẹyìn. Bátìrì méjì ló gbé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì ló ń kó wọn sí, lẹ́sẹ̀ ògiri tó pààlà sí ibi tí Mobọ́lá ń gbé orí lé.

"Sàúdá," ni Mobọ́lá wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. "Ìwọ náà?"

Sàúdátù bú sẹ́kún. "Àǹtí, ọ̀dọ̀ Tíṣà ni mo ti kọ́ ọ. Gbogbo wa, ọ̀dọ̀ Tíṣà la ti kọ́ ọ."

Bátìrì méje ló jókòó sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mobọ́lá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú Christopher méjèèjì. Kò fẹ́ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà Àánú."

Ara Christopher le gírígírí. "Ìgò ọsàn? Ásíìdì tí mo fẹ́ fi kún bátìrì ni, Ọjọ́rú ni mo rà á. Mo ní n máa gbé e sókè, mo..." Ó dìde jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń wá a kiri nínú òfuurufú. "Ta ló mu ún? Ìyá Àánú, ta ló mu ún?"

"Kò sẹ́ni tó mu ún. Ó ku díẹ̀ kí n mu ún."

Ọwọ́ rẹ̀ bà á léjìká, ó gba ọrùn gòkè, ó dé ẹnu rẹ̀. Ó fi ìka tọ ètè òkè rẹ̀, ó tọ ti ìsàlẹ̀, ó tún tọ ọ́ padà, bí ẹni ń ka ìwé nínú òkùnkùn.

Ojú ọ̀tún là ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ti òsì ń rí ìmọ́lẹ̀, kò rí ènìyàn. Bàbá Ọládèjì kan àtíbàbà kan sí igun àgbàlá, ibẹ̀ nìkan ni bátìrì lè wà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí Christopher padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bẹ Ọ̀ṣẹ́nì pé kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sọ̀rọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ náà wá bá òun níbi iṣẹ́. Wọ́n sì wá ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n nínú aṣọ ilé-ìwé, wọ́n tò yí àtíbàbà náà ká. Ọ̀ṣẹ́nì pa súìṣì, ó fi hàn wọ́n pé òun ti pa á, ó dúró díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́, kó tó nawọ́ sí wáyà. Christopher ń sún mọ́ ọn kó lè rí i dáadáa pẹ̀lú ojú kan tó kù.

"Tíṣà," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, "ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ó sún sẹ́yìn.